Ẹfolúṣọ̀n, Ẹ̀jẹ̀ AS àti Ìgbàgbọ́ Wa

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Yorùbá lónìí, wọ́n máa ń gba ìwé àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù lọ́wọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó ní ẹyọ jíìnì fòníkú-fọ̀ladìde kan ṣoṣo, pásítọ̀ á ní kí wọ́n tún un rò, kí wọ́n má baà bí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Síbẹ̀, lórí àga ìwàásù kan náà, a sábà ń gbọ́ pé irọ́ ni ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn àlàyé pé ohun alààyè ń yí padà láti ìran dé ìran, pé ẹni tó bá gbà á ti kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Èrò mi ni pé ọ̀nà méjèèjì yìí kò bára mu: ẹfolúṣọ̀n ló ṣàlàyé ìdí tí AS fi pọ̀ láàárín wa, àlàyé náà kò sì gba Ọlọ́run lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 4 ló jẹ́ AS. Ó yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Láyé àtijọ́, ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, kì í sábà dàgbà débi tí yóò fi bímọ. Jíìnì tó ń pa ọmọdé bẹ́ẹ̀ ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Anthony Allison, dókítà tó dàgbà sí Kẹ́ńyà, ló rí ojútùú rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí ní 1949 pé AS pọ̀ létí òkun àti létí adágún Victoria, níbi tí ibà ti gbilẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n lórí òkè níbi tí òtútù kò ti jẹ́ kí ẹ̀fọn ráyè. Nígbà tó di 1954, ó gbé ẹ̀rí jáde pé ibà kì í lágbára lára ẹni tó jẹ́ AS bó ṣe ń lágbára lára AA, ìyẹn ẹni tí kò ní jíìnì náà rárá. Ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì náà, àyípadà náà kò sì mọ ohunkóhun nípa ibà. Ó kàn ṣẹlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ibà ti ń pa ọmọ AA, tí fòníkú-fọ̀ladìde ń pa ọmọ SS, ọmọ AS ló ń yè jù, òun náà ló ń bímọ. Ohun tí Darwin là kalẹ̀ nípa ẹfolúṣọ̀n ní 1859 gan-an nìyẹn. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ dúdú: jíìnì yìí wà ní Íńdíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá pẹ̀lú, níbi tí ibà ti jà.

Àtakò tó lágbára ni pé àyípadà láàárín ènìyàn nìkan lèyí, kò fi hàn pé àwa àti ìnàkí bára tan. Ó dáa. Kúrómósómù, ìyẹn àwọn okùn tí jíìnì wà lórí wọn, jẹ́ 48 lára ìnàkí, tiwa jẹ́ 46. Bí a bá jọ ní baba ńlá kan, ó yẹ kí a rí ibi tí méjì ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan lára wa. A sì rí i: àárín kúrómósómù kejì ènìyàn ní irú àmì tó yẹ kó wà ní ìkángun nìkan. Àsọtẹ́lẹ̀ tó lè já sí irọ́ ni; kò já sí irọ́.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ ẹni tó ni ayé. Onímọ̀ tó bá ní ẹfolúṣọ̀n ti pa Ọlọ́run rẹ́ ti kọjá ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ dé, gẹ́gẹ́ bí oníwàásù tó fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì ka kúrómósómù. Póòpù John Paul Kejì pàápàá gbà ní 1996 pé ẹfolúṣọ̀n kọjá àbá lásán.

Èyí tó ṣòro jù ni ọ̀rọ̀ ìyà: báwo ni Ọlọ́run aláàánú ṣe jẹ́ kí ààbò ọmọ kan di ikú ọmọ mìíràn? Ìbéèrè ńlá ni, ṣùgbọ́n Jóòbù ti ń béèrè irú rẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó bí Darwin. Ohun tí ìmọ̀ yìí mú kúrò ni ẹ̀sùn. Ọ̀pọ̀ ìyá ni wọ́n ti pè ní ìyá àbíkú, tí wọ́n fi abẹ sàmì sára òkú ọmọ wọn. A ti wá rí i báyìí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde ló pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jíìnì yẹn kan náà ló gba ìyá wọn lọ́wọ́ ibà nígbà tó wà ní kékeré.