Ìtàn Bátìrì Kejì Nínú Ọkọ̀ Ìkéde

Ẹ̀yin ọmọ bíbí ìlú wa, nílé àti ní ìdálẹ̀, ó dá mi lójú pé kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ ìkéde nínú yín. Òun ni ọkọ̀ tí a de sípíkà ẹlẹ́nu gbàgàdà mọ́ lórí, tí ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kiri àdúgbò, tí ń kéde ọjọ́ ìbò, ọjọ́ àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ìpàdé ìlú tàbí ìsìnkú àgbà. Iṣẹ́ akéde alágogo ni ó gbà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí akéde fi ń rìn kò bá ohùn rẹ̀ du oúnjẹ rí. Nínú ọkọ̀, ìkòkò kan náà ni ohùn àti ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ, èyí ni bátìrì; bí ohùn bá sì jẹ ẹ́ tán, ọkọ̀ kò ní lè gbéra mọ́. Bí a ṣe wá fún ohùn ní ìkòkò tirẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn.

Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe bátìrì olójé tí a lè máa ṣáàjì, ní ọdún 1859. Ní ọdún 1881, Camille Faure, tí òun náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, mú un sunwọ̀n sí i tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ohun tí a lè ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà. Yàrá kọ̀ọ̀kan nínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ń mú nǹkan bí fólítì 2 wá. Mẹ́ta ni ó ń di fólítì 6, mẹ́fà ni ó ń di 12. Fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan nínú mọ́tò tí ń lo epo, nítorí irin ọlọ́wọ́ ni awakọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnnì kí ó tó ṣiṣẹ́, irin náà sì ti ṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lápá. Ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ni ó mú sítátà tí Charles Kettering ṣe wọ ọjà. Láti ìgbà náà ni a ti ń ṣe bátìrì mọ́tò fún iṣẹ́ kan pàtó: kí ó tú iná púpọ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí dínámò sì dá a padà fún un bí ọkọ̀ ti ń sáré. A kò ṣe é kí ó máa fa iná jáde díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹni tí ó bá lò ó bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ yóò rí i pé àwọn abala òjé inú rẹ̀ yóò le gbagidi, wọn kò sì ní gba iná mọ́.

Ní ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ àwọn Galvin ní Amẹ́ríkà gbé rédíò inú ọkọ̀ jáde, tí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ ní Motorola. Fáàfù onígíláàsì ni rédíò àti áńpìlìfáyà ń lò nígbà náà. Áńpìlìfáyà ni ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Fáàfù ní láti gbóná kí ó tó ṣiṣẹ́, kò sì ní mú ohùn ńlá jáde àfi kí ó rí fólítì 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a lè rí èyí láti inú bátìrì, a fi ahọ́n irin kékeré kan sínú àpótí, tí ń gbọ̀n rìrì, tí ń já iná tí ó sì ń so ó padà ní ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí tiransifọ́mà lè gbé e sókè. Bí òru bá pa rọ́rọ́, à ń gbọ́ kíkùn rẹ̀ bí ti oyin.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ yìí. Nínú ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun Bírítéènì gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní No. 19, ó jẹ́ àṣà láti ya bátìrì ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ́ńjìnnì, kí ọ̀gágun má bàa sọ̀rọ̀ títí kí ọkọ̀ rẹ̀ sì kọ̀ láti sá nígbà tí ọ̀tá bá dé. Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n jà ní Bọ́mà nínú Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ní àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ láàárín wọn.

Nílé níhìn-ín, asọ̀rọ̀-má-gbèsì ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó láti ọdún 1935, ṣùgbọ́n ibi tí wáyà rẹ̀ bá dé nìkan ni ohùn rẹ̀ mọ. Nígbà tí ìbò dé ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1951, tí òmíràn tún tẹ̀lé e ní 1954, 1956 àti 1959, ohùn ní láti dé ìlú tí kò ní iná mànàmáná rárá. Ní 1959, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi hẹlikọ́pítà polongo ìbò, gbogbo ayé sì ń sọ ọ́ títí di òní. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ìkéde ni ó ń wọ àdúgbò dé àdúgbò.

Ibẹ̀ ni wàhálà gan-an wà. Dínámò àtijọ́ kì í mú iná tí ó tó nǹkan wá àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Ọkọ̀ ìkéde kì í sì í sáré. A máa rìn bí ẹlẹ́sẹ̀, a sì máa dúró ní ẹnu ọjà. Àkókò tí ohùn ń jẹun jù lọ ni dínámò ń sùn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Áńpìlìfáyà oníwáàtì 30 tí ń lo fáàfù lè gba wáàtì 100 kí ó tó mú 30 jáde. Lórí fólítì 12, èyí ju áńpíà 8 lọ. Bí bátìrì bá jẹ́ oní-60, tí a kò sì fẹ́ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, kò ní pé wákàtí mẹ́rin. Lórí ọkọ̀ onífólítì 6, irú Ìjàpá ti Volkswagen àtijọ́, áńpíà náà di ìlọ́po méjì, wáyà sì ní láti nípọn sí i.

Bátìrì kejì ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà so ó ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí a bá so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, 12 àti 12 di 24, ẹ̀rọ yóò sì jóná. Orí ìròpọ̀ ni a ń so mọ́ ìròpọ̀, orí àyọkúrò mọ́ àyọkúrò. Síbẹ̀, bí a bá so wọ́n bẹ́ẹ̀ tí a fi wọ́n sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò jọ kú. Nítorí náà ni àwọn kan fi súwíìṣì ọlọ́wọ́ sí àárín, èyí tí awakọ̀ máa ń gbàgbé. Réléè ni ó sàn jù: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ó so àwọn méjèèjì pọ̀, bí ó bá kú, ó yà wọ́n nípá. Àwọn mìíràn lo dáyóòdù, tí ń jẹ́ kí iná lọ láìjẹ́ kí ó padà, ṣùgbọ́n a máa jẹ tó ìdajì fólítì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì kejì kò sì ní yó.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ rewáyà òde òní lè má mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ìgbà náà, orí ìròpọ̀ ni wọ́n dè mọ́ ara irin ọkọ̀, kì í ṣe àyọkúrò bí ti òní. Nígbà tí tiransísítọ̀, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1947, wá gba ipò fáàfù, áńpìlìfáyà kò gba ìgbóná mọ́, iná tí ó ń jẹ sì dín kù. Ṣùgbọ́n bí a bá so ó sódì, ó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé “ẹ kú ilé”. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa ènìyàn: bí ẹ̀rọ ti ń jẹ iná díẹ̀ sí i ni a ń ra èyí tí ó tóbi sí i.

Láti ọdún 1960, tí Chrysler fi áltánétọ̀ sínú ọkọ̀ Valiant, ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí iná nígbà tí ó dúró sójú kan. Ìyẹn kò sọ bátìrì kejì di aláìwúlò, kò sì dín ewu rẹ̀ kù. Wáyà tí ó ti iwájú ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn láìsí fíúùsì lè họ lára irin, kí ó pọ́n bí ẹyin iná, kí ó sì jó ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀. Fíúùsì kan nítòsí bátìrì kọ̀ọ̀kan ni ó tọ́, nítorí ìhà méjèèjì ni iná ti lè wá. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára bátìrì olójé bí ó ti ń gba ṣáàjì a máa gbaná. Ẹ má ṣe sé e mọ́ abẹ́ ìjókòó tí kò ní ihò.

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé, ẹ rántí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, kọ̀ǹpútà ni ó ń darí áltánétọ̀, ó sì lè dín fólítì rẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀ tí réléè àtijọ́ kò ní so. Àpótí ìṣáàjì tí ń gba fólítì 12 wọlé, tí ń tún un ṣe fún bátìrì kejì, ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Bákan náà ni bí bátìrì kejì bá jẹ́ ti lítíọ́ọ̀mù, tí a kì í sáà so mọ́ olójé lásán.