Igi Gogoro Tó Wà Lábẹ́ Dẹ́kìn

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ìṣọ́ra ni àgbà ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n bí ẹnjiníà bá gbọ́ ọ, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló gbọ́. Igi gogoro ni òpó ilé.

Ẹni tó bá gba Àgbàdo kọjá, ní Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, yóò rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọparun gbé dẹ́kìn rẹ̀ dúró títí kọnkéré yóò fi gan. Báwo ni irú òpó bẹ́ẹ̀ ṣe ń yẹ̀? Òpó kúkúrú tó ki máa ń fọ́ ni, bí ẹrù bá pọ̀ jù fún un. Èyí tó ga tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í dúró di ìgbà náà: ẹ̀gbẹ́ ló ń tẹ̀ sí, nígbà tí ohun tí wọ́n fi ṣe é ṣì lágbára.

Ẹ mú ẹyọ ọwọ̀ kan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lórí àti nídìí. Kíá ni yóò tẹ̀ bí ọrun. Ẹ dá a kúrú, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò: yóò gún yín lọ́wọ́ kó tó tẹ̀.

Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, ló fi ìṣirò tú àdììtú yìí ní 1744. Bí gígùn òpó gogoro bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù àtijọ́ ló lè gbé. Ìdí nìyí tí ìlànà BS 8110, tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà Nàìjíríà ti lò, fi ń fi gíga òpó wé fífẹ̀ rẹ̀. Nínú ilé tí ògiri tó lágbára dì mú, òpó tí gíga rẹ̀ kò tó ìlọ́po 15 fífẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kà sí kúkúrú. Òpó tó fẹ̀ ní mílímítà 225, tó ga ní mítà 3, ṣì wà níbẹ̀. Bí onílé bá ní kí wọ́n fo dẹ́kìn kan kí pálọ̀ lè ga, òpó náà di mítà 6. Ó ti di igi gogoro nìyẹn, ó sì di dandan kí wọ́n tún un ṣírò.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkọ̀tún, ní Alímọ̀ṣọ́ kan náà, ènìyàn 116 sì kú. Ní 2015, adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ pé àbùkù ìkọ́lé ló fà á, àti pé ilé náà kò ní ìwé àṣẹ. Àyẹ̀wò tó ń ṣáájú ìwé àṣẹ ni òkèèrè tí òwe ń wí: orí pépà la ti lè rí òpó tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kí ẹnikẹ́ni tó sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti ọparun Àgbàdo, àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Bí káfíńtà bá fi pákó so wọ́n láàárín, ní òró àti ní ìbú, tó sì kan pákó náà mọ́ ohun tí kò lè yẹ̀, gígùn tó lè tẹ̀ di ìdajì, ẹrù tí ọparun kọ̀ọ̀kan lè gbé yóò sì súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Pákó mélòó kan àti ìṣó ni, kí wọ́n tó da kọnkéré.