Ìyanṣẹ́lódì Ọdún 1945

Ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1945. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 30,000 ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Rélùwéè dákẹ́, wáyà ò lọ, ẹnikẹ́ni ò sì pín lẹ́tà. Ó lé ní oṣù kan kí Èkó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n. Lóòótọ́, ìjọba ti fi owó díẹ̀ kún owó iṣẹ́ ní 1942 nítorí ọ̀wọ́n ọjà, èyí tí wọ́n ń pè ní COLA, àmọ́ ọjà ń gòkè, COLA dúró gbagidi. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń béèrè kò ju méjì lọ: kí COLA fi ìdajì lé sí i, kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ sì máa gba ṣílè méjì àti sísì lójúmọ́. Ìjọba ní àfikún owó yóò kàn tún mú ọjà gbówó lórí ni, àfi kí ará ìlú dín ohun tí wọ́n ń rà kù. Ẹni tó ti ń fi omi lásán mu gàrí, kí ló kù tí yóò dín kù?

Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kò sí ní Èkó nígbà tí ọ̀rọ̀ ń gbóná bọ̀. Ìjọba ti mú un ní 1943, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà 1945 ló padà dé, èrò sì tú jáde lọ pàdé rẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣáájú kan fẹ́ sún ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà síwájú, àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ń bọ́ ẹni tí kò gbowó? Ibí yìí ni ìtàn sábà máa ń gbàgbé àwọn ìyá ọlọ́jà. Àlímọ́tù Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹrẹ́kò, ni olórí wọn. Òun pẹ̀lú ti ń bá ìjọba fà á, nítorí Kápútéènì Pullen, aṣojú ìjọba tó ń ṣàkóso iye owó oúnjẹ, ti fi òté lé iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta gàrí, iye tí kò tó èyí tí àwọn obìnrin fi rà á wá láti oko. Pullen fi £100 lóṣù lọ̀ ọ́ kó lè gbè sẹ́yìn ètò náà. Pelewura kọ̀ ọ́. Nígbà ìyanṣẹ́lódì, ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì sapá kí oúnjẹ má baà wọ́n jù. Lójú tèmi, owó yìí àti oúnjẹ yìí ṣe ju ọ̀pọ̀ ìpàdé lọ.

Lásìkò ìyanṣẹ́lódì náà, ìjọba ti ìwé ìròyìn méjì pa, tí Nnamdi Azikiwe, olóṣèlú tó ń jà fún òmìnira, ni wọ́n: West African Pilot àti Daily Comet. Hubert Ògúndé, gbajúmọ̀ òṣèré, sọ ìyanṣẹ́lódì náà di eré orí ìtàgé, Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jọ́ọ̀sì ní 1946, ìjọba fòfin dè é.

Oṣù Kẹsàn-án 1945 ni òté orí gàrí kásẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ Tudor Davies, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wò, gbà pé ó tọ́ kí COLA fi ìdajì lé sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe béèrè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.