Ọpọ́n Tuntun, Ayò Àtijọ́

Bí a bá fi igi ìrókò gbẹ́ ọpọ́n ayò, tí a fín in dáadáa, ihò méjìlá ni yóò ní. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn ọmọdé gbẹ́ ihò sí lábẹ́ igi, ihò méjìlá náà ni. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a óò kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn yóò sì jẹ́ 48. Ọpọ́n yàtọ̀, ayò kò yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá ronú nípa eré orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Far Cry Primal, èyí tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2016. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: bí eré kan bá ti di àṣetúnṣe, ǹjẹ́ gbígbé e padà sí ayé ìwáṣẹ̀, kí ìwé àti irin tó dé, lè sọ ọ́ di tuntun?

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 2004 ni Far Cry àkọ́kọ́ jáde. Ilé-iṣẹ́ Crytek ti ilẹ̀ Jámánì ni ó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Ubisoft tí ó wà ní Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà. Ìkejì jáde ní ọdún 2008, orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí wọn kò dárúkọ ni wọ́n gbé e sí. Ìkẹta jáde ní ọdún 2012, ó wà ní àwọn erékùṣù kan. Ìkẹrin jáde ní ọdún 2014, ó wà ní agbègbè òkè Himalaya. Láti orí ìkẹta ni ìlànà rẹ̀ ti dúró sójú kan. Ẹni tí ń ṣe eré náà yóò bá ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa tí ó lè rìn bí ó ti wù ú. Yóò gun ilé-ìṣọ́ gíga kí àwòrán ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ fún un. Yóò gba ibùdó ọ̀tá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò pa ẹran, yóò sì fi awọ rẹ̀ ran àpò tí yóò máa kó ọta ìbọn sí. Nígbà tí ìkẹrin fi dé, àwọn tí ó fẹ́ràn eré náà pàápàá ti mọ ohun tí ó kàn kí ó tó kàn.

Nígbà náà ni wọ́n gbé eré lọ sí nǹkan bí 10,000 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, sí àfonífojì kan tí wọ́n fi ọkàn rò, tí wọ́n pè ní Oros, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yúróòpù. Takkar, ọdẹ kan láti inú ẹ̀yà Wenja, ni ó ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ó ti fọ́n ká jọ, tí ó sì ń dojú kọ ẹ̀yà méjì mìíràn, Udam àti Izila. Kò sí ìbọn, kò sí ọkọ̀. Ọ̀kọ̀, kùmọ̀, kànnàkànnà, ọrun àti ọfà ni ohun ìjà. Fún eré tí ìbọn jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Mo ṣe eré náà, n kò sì ní ṣe àbòsí: àwọn ibì kan wà tí ó mú orí mi wú. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, òkùnkùn a di òkùnkùn ní tòótọ́. Ìkookò a máa tọ ipasẹ̀ ènìyàn, iná tí ó wà lórí kùmọ̀ nìkan ni ó sì lè lé e sẹ́yìn; bí iná náà bá kú, ọ̀rọ̀ di ẹsẹ̀ ni mo bá ọ sọ. Nínú àwọn Far Cry ìṣáájú, èmi kò bẹ̀rù alẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n yí padà, èdè ni mo kà sí iyebíye jù lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè láti Yunifásítì Kentucky ní Amẹ́ríkà, Andrew Byrd àti Brenna Byrd, ni wọ́n bá wọn ṣẹ̀dá èdè fún ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí èdè àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó bí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Híńdì àti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn ni wọ́n gbé e kà. Kò sí ẹni tí ó kọ èdè náà sílẹ̀ rí. Fífi àwọn ọmọ rẹ̀ wé ara wọn ni wọ́n fi tún un tò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin rẹ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò sọ Gẹ̀ẹ́sì. A ní láti máa ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀ àwòrán. Wọ́n lè mú kí àwọn ará ayé ìwáṣẹ̀ máa kùn bí ẹranko, bí ọ̀pọ̀ sinimá ti ṣe. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tí kò ní ìwé ní ọ̀rọ̀, ó ní àwàdà, ó sì ní àdúrà.

Kí ni ó wá kù díẹ̀ káàtó? Ìlànà ni. Dípò ilé-ìṣọ́, iná ńlá ni a óò dá lórí òkè. Òwìwí ni ó ń fò yí ibùdó ọ̀tá ká, tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí awò-awọ̀nàjíjìn ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ibùdó ọ̀tá ṣì wà níbẹ̀ láti gbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, awọ ẹran ṣì ni a fi ń ran àpò. Kò pẹ́ tí eré náà jáde tí àwọn kan fi gbé àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ lé ti ìkẹrin, tí wọ́n sì rí i pé ìrísí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ilẹ̀ Himalaya ni wọ́n da igbó àti yìnyín bò, tí wọ́n sọ ọ́ ní Oros.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí ayò náà kì í yí padà, kí ló dé tí kò fi sú wa? Ìdáhùn mi ni pé ènìyàn ni a ń bá ta ayò. Ọgbọ́n ọ̀tá mi lónìí kì í ṣe ọgbọ́n ẹni tí ó kọjú sí mi lánàá. Ọ̀tá inú Far Cry kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ṣọ́ ibùdó nínú ìkẹta ni ó ṣe ń ṣọ́ ọ nínú Primal. Nítorí náà, bí ilẹ̀ àti aṣọ nìkan bá yí padà, inú dídùn rẹ̀ kì í pẹ́.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ìtàn gan-an ní ohun tí ó lè fún wọn. Wọ́n fi oko dídá sọ́wọ́ àwọn Izila, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ oko kò dé àárín Yúróòpù títí di nǹkan bí 5,500 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Èyí kò bí mi nínú púpọ̀. Eré kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ajá. Ní Oberkassel, lẹ́bàá ìlú Bonn ní Jámánì, wọ́n rí sàréè kan ní ọdún 1914: ọkùnrin kan, obìnrin kan, àti ajá, tí wọ́n ti sin láti nǹkan bí 14,000 ọdún sẹ́yìn. Àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018 fi hàn láti ara eyín pé ajá náà kò tíì pé ọdún kan, pé àìsàn líle ti bá a jà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àti pé kò lè yè tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Ajá tí kò lè ṣọdẹ, tí kò lè ṣọ́ ilé, ni wọ́n ń tọ́jú. Takkar pẹ̀lú ń tu ìkookò lójú, ó ń gun màmọ́ọ̀tì, erin onírun ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ohun ìjà ni ẹran jẹ́ fún un. Bí ó bá ṣubú lójú ìjà, ewé pupa díẹ̀ ni yóò fi jí i padà. Egungun Oberkassel mọ ohun tí eré náà kò bèèrè.

Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Eré wọn mìíràn, Assassin's Creed, ti ń jáde lọ́dọọdún títí ó fi sú àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2016 wọn kò gbé apá pàtàkì kankan jáde nínú rẹ̀. Wọ́n sinmi, wọ́n tún ìjà inú rẹ̀ dá, ní ọdún 2017 ni Origins sì dé, ní ilẹ̀ Íjíbítì ayé Kleopátírà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e wọ́n fi apá kan kún un tí ènìyàn lè fi rin Íjíbítì já láìjagun, kí ó máa kọ́ ìtàn. Ayé àtijọ́ ni wọ́n lọ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n tún ayò fúnra rẹ̀ gbé yẹ̀ wò.

Àkókò tí Primal ń sọ kì í ṣe ti Yúróòpù nìkan. Ní ọdún 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan tí ó ti tó nǹkan bí 13,000 ọdún, pẹ̀lú ohun èlò òkúta wẹ́wẹ́. N kò ní pè é ní Yorùbá. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀, ó sì ní ẹni tí ó dá a lóhùn. Bí ọmọ wa kan bá fẹ́ gbé ayé ẹni náà sínú eré lọ́la, mo rọ̀ ọ́ kí ó fi ohùn sí i lẹ́nu bí Byrd méjèèjì ti ṣe. Bí oníṣòwò kan bá sì tún sọ fún un pé Yorùbá kò lè ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, kí ó rán an létí pé èdè tí kò ní ẹni tí ń sọ ọ́ láyé ni wọ́n fi ṣe Primal, tí wọ́n sì tà á káàkiri àgbáyé.

Ìdájọ́ tèmi nìyí: ayé ìwáṣẹ̀ lè sọ eré àṣetúnṣe di tuntun ní ibi tí ó bá ti fi ipá mú àwọn tí ó ṣe é láti ju ohun àtijọ́ sílẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ti gbà, bí ti èdè àti òkùnkùn, eré náà yè. Ní ibi tí wọ́n ti kọ̀, òkè iná di ilé-ìṣọ́. Nígbà tí Far Cry ìkarùn-ún jáde ní ọdún 2018, ìbọn padà dé. Ẹran tí ń bá ènìyàn jagun ṣì wà níbẹ̀, ilé-ìṣọ́ gígùn ni wọ́n yọ kúrò. Ó jọ pé àwọn fúnra wọn ti mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n mú, wọ́n sì ti mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀.