Ọ̀rá inú Oúnjẹ àti Ìbísí Akọ Ẹran: Ìtàn Ìwádìí Kan

Bí adìẹ bá sàba tí ẹyin kò pa, abo ni a máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fi hàn pé ìdájọ́ náà lè ṣàì tọ́.

Ṣáájú 1929, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé iṣẹ́ ọ̀rá kò ju kí ó fún ara lágbára, kí ó sì gbé àwọn fítámì kan wọlé. Ní 1929 àti 1930, George Burr àti aya rẹ̀, Mildred, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, fi oúnjẹ aláìlọ́ràá bọ́ eku. Àwọn eku náà kò dàgbà bó ti yẹ. Ìpẹ́ bo ìrù wọn. Kíndìnrín wọn bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n rí linoleic acid díẹ̀ jẹ, ara wọn yá. Ní 1934, Evans, Lepkovsky àti Murphy ní Yunifásítì California kọ̀wé lórí akọ nìkan: oúnjẹ aláìlọ́ràá a máa gba agbára ìbísí lọ́wọ́ akọ eku.

Kí ló fà á? Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ẹyọ àtọ̀ kún fún ọ̀rá tí ara ń fi linoleic acid àti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ara kò lè dá àwọn méjèèjì ṣe; ẹnu ni wọ́n ń gbà wọlé. Ní 2010, ìwádìí kan ní Yunifásítì Illinois lo akọ èkúté tí ara wọn kò lè ṣe ọ̀rá tí àtọ̀ nílò. Nígbà tí a fi DHA, irú èyí tí ó wà nínú òróró ẹja, bọ́ wọn, agbára ìbísí wọn padà.

Èyí kan ìlú wa gan-an, ìlú láfún, níbi tí a dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀ ní 1990. Àgbàdo ní ọ̀rá bí ìdá 4 nínú 100, nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ sì jẹ́ linoleic acid. Adìẹ tí ń jẹ ẹ́ kò sí nínú ewu. Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú ẹ̀gẹ́ kò tó ìdá 1. Nítorí náà, bí àgbàdo bá wọ́n tí a sì fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó yẹ kí a fi ẹ̀wà sóyà tàbí kúlíkúlí kún un. Epo pupa náà wúlò, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ni linoleic acid inú rẹ̀. Ti òróró sóyà tó ìlàjì.

N kò sọ pé àìtó ọ̀rá ló fa gbogbo ẹyin tí kò pa: ooru, àrùn àti ogbó náà ń ṣe é. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé, kí a tó dá abo lẹ́bi, kí a kọ́kọ́ wo ohun tí akọ ń jẹ.