Mays àti Mantle: Ọmọ Ọdún Kan, Ìrìn Méjì

Àfiwé jẹ́ ohun tí ẹ̀dá fẹ́ràn púpọ̀. Ibikíbi tí a bá ti ń ta ayò, tí a ti ń ja ìjàkadì, tàbí tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í pẹ́ tí àríyànjiyàn fi máa ń bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ohun tí ó sì máa ń ba irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé a sábà máa ń mú ẹni tí ó ti kú tipẹ́, kí a fi í wé ọmọ àná. Bàtà tí wọ́n wọ̀ kò rí bákan náà, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ kò rí bákan náà, àwọn tí wọ́n bá figagbága pàápàá kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí ìtàn Willie Mays àti Mickey Mantle, àwọn òléwájú nínú eré bésíbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi wù mí í gbé yẹ̀ wò. Bí ẹni méjì kan bá wà tí a lè gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà láìṣe èrú, àwọn ni.

Ọdún 1931 ni a bí àwọn méjèèjì: Mays ní oṣù karùn-ún, ní Westfield ní ìpínlẹ̀ Alabama, Mantle ní oṣù kẹwàá, ní Spavinaw ní ìpínlẹ̀ Oklahoma. Ilé iṣẹ́ irin ni bàbá Mays ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Mantle ń wa òjé nínú kòtò abẹ́ ilẹ̀. Àwọn bàbá méjèèjì ni wọ́n ń gbá bésíbọ́ọ̀lù nígbà tí iṣẹ́ bá dilẹ̀, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi eré náà lé ọmọ wọn lọ́wọ́. Ọdún kan náà, 1951, ni àwọn ọmọ wọ̀nyí dé ìpele tí ó ga jù, nínú ìlú kan náà, New York: Mantle ní oṣù kẹrin fún ẹgbẹ́ Yankees, Mays ní oṣù karùn-ún fún ẹgbẹ́ Giants. Iṣẹ́ kan náà ni wọn yóò sì fi orúkọ ṣe, èyíinì ni ṣíṣọ́ àárín pápá lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹni tí kò lè sáré kò gbọdọ̀ dúró sí. Ẹnì kẹta wọn, Duke Snider ti ẹgbẹ́ Dodgers ní Brooklyn, wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ọdún bíi márùn-ún ni ó fi jù wọ́n lọ. N kò ní fà á wọ ẹjọ́ yìí.

Kí òǹkàwé tí kò rí eré yìí rí má baà sọnù sọ́nà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí a nílò. Ẹnì kan a máa ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn a máa fi ọ̀pá gbá a. Bí ó bá gbá a tí ó bọ́ síbi tí kò sí ẹni tí ó lè tètè dá a dúró, a sáré lọ sí ibùdó. Bí ó bá gbá a kọjá ọgbà ní tààrà, kò sí ohun tí alátakò lè ṣe mọ́. Bí ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù bá sì ju èyí tí kò tọ́ ní ìgbà mẹ́rin, ẹni tí ó mú ọ̀pá dání a rìn lọ sí ibùdó kìíní ní ọ̀fẹ́. Ohun gbogbo ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ nínú eré náà. N kò mọ eré mìíràn tí àwọn tí ń ṣe é ń kọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀.

Ìpàdé kan tí ìtàn kò lè gbàgbé wáyé láàárín wọn ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 1951. Yankees àti Giants ni wọ́n jọ ń figagbága nínú ìdíje àṣekágbá ọdún náà. Joe DiMaggio, àgbà agbábọ́ọ̀lù tí ó ń lo ọdún ìkẹyìn rẹ̀, ni ó wà ní àárín pápá fún Yankees. Wọ́n fi Mantle sí apá ọ̀tún rẹ̀. Mays gbá bọ́ọ̀lù kan sókè sí agbedeméjì àwọn méjèèjì. Mantle sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n bí ó ti kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, DiMaggio ké pé òun ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Ọmọdé kò gbọdọ̀ forí sọ àgbà. Mantle já eré rẹ̀ gírí, ìṣó bàtà rẹ̀ sì há sínú ìdérí ojú gọ́tà kan nínú koríko. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún yẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò ní pápá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, tí ọmọ sì fi ara ti bàbá láti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, bàbá náà ṣubú lulẹ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n tẹ́ ibùsùn sí fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé àrùn jẹjẹrẹ ti wọ bàbá náà lára. Ó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1952, ẹni 40 ọdún péré. Mantle kò pé 20 ọdún ní ọjọ́ tí ó fi ara pa, kò sì tún fi ẹsẹ̀ tí ó jí pépé gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ó fi kúrò lórí pápá.

Nítorí èyí ni àwọn olólùfẹ́ Mantle ṣe ń sọ pé, "Bí kì í bá ṣe ti orúnkún yẹn ni!" Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dá ohun tí ó sọnù padà fún ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá ti èkejì náà padà. Nígbà tí Mantle wà ní ọ̀dọ́, àrùn egungun kan mú un ní ẹsẹ̀, èyí sì ni àwọn ológun fi ní kò yẹ lẹ́ni tí a ń mú wọ iṣẹ́ ogun. Ara Mays ní tirẹ̀ le koko, ìyẹn gan-an ni ó sì kó bá a: wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1952 lẹ́yìn eré 34 péré, kò sì gbá bọ́ọ̀lù rárá fún Giants ní gbogbo ọdún 1953. Àìlera gba ọ̀kan sílẹ̀, ìlera sì gba ọdún méjì tí ó kù díẹ̀ lọ́wọ́ èkejì. Nígbà tí ó padà ní 1954, ó gbá bọ́ọ̀lù 41 kọjá ọgbà, ó sì di ẹni tí ó gbá dáadáa jù nínú líìgì rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ìwé ìṣirò kì í kọ. Ní 1948, nígbà tí Mays jẹ́ ọmọ 17 ọdún, inú ẹgbẹ́ Birmingham Black Barons ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, nínú líìgì tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Jackie Robinson ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà ní 1947 ni. Yankees tí ó gba Mantle tọwọ́tẹsẹ̀ kò fi aláwọ̀ dúdú kankan sórí pápá títí di 1955, nígbà tí wọ́n mú Elston Howard. Nígbà tí Mays bá ẹgbẹ́ kékeré kan dé Hagerstown ní 1950, òtẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ ni ó sùn. Nígbà tí Giants ń ṣí lọ sí San Francisco, tí ó sì fẹ́ ra ilé níbẹ̀ ní ìparí 1957, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ láti tà á fún un nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nìyẹn o.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 1956, Mantle gbá 353 nínú 1000, bọ́ọ̀lù 52 kọjá ọgbà, ó sì mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ 130 wọlé. Òun ni ó ṣe aṣáájú líìgì rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1957 ó gbá 365 nínú 1000, wọ́n sì fún un ní ìrìn ọ̀fẹ́ 146. N kò rò pé Mays ní ọdún méjì tí ó tẹ̀ léra tí ó tó ìwọ̀nyí pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Nínú gbogbo ayé eré rẹ̀, Mantle dé ibùdó ní ìgbà 421 nínú 1000. Ti Mays jẹ́ 384. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, àwọn tí ń wo bọ́ọ̀lù àgbákọjá ọgbà nìkan ni wọn kì í rí i. Mantle sì gba ife ẹ̀yẹ ìdíje àṣekágbá ní ìgbà 7. Bọ́ọ̀lù 18 tí ó gbá kọjá ọgbà nínú ìdíje náà kò tíì sí ẹni tí ó bá a. Mays gba ife náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì gbá ọ̀kan kọjá ọgbà nínú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ife jẹ́ ti ẹgbẹ́. A kò lè fi ẹrù tí ènìyàn mẹ́sàn-án gbé wọn agbára ẹnì kan.

Bí a bá ní ká wo gbogbo ìrìn náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Bọ́ọ̀lù 660 ni Mays gbá kọjá ọgbà, 536 ni ti Mantle. Eré tí Mays gbá lé ní 2,900. 2,401 ni ti Mantle. Ní 1965, nígbà tí Mays jẹ́ ẹni ọdún 34, ó gbá 52 kọjá ọgbà. Nígbà tí Mantle fi jẹ́ ẹni ọdún 36 ní 1968, 237 nínú 1000 ni ó gbá, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ní ti àwọn méjì yìí, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n àkísà ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ fíìfíì.

Nínú ṣíṣọ́ pápá ni mo ti rò pé ẹjọ́ náà parí. Ẹ̀bùn ìbọ̀wọ́ wúrà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí ó mọ pápá ṣọ́ ní 1957, Mays gba 12, Mantle gba 1. Ìdíje 1954 fi hàn bí ó ti rí: òmì ni wọ́n wà, 2 sí 2, ẹni méjì Cleveland wà lórí ibùdó, Vic Wertz sì gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà réré sí ẹ̀yìn pápá Polo Grounds. Mays kọ ẹ̀yìn sí i, ó sáré, ó gba bọ́ọ̀lù náà láti orí èjìká, ó yípo, ó sì jù ú padà. Ẹnikẹ́ni kò wọlé. Giants ni ó gba ife náà. Oríkì ni iṣẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì mọ̀ pé oríkì kì í ka iye, ìṣe kan ṣoṣo ni ó máa ń gbá mú. Bí mo bá fẹ́ ki Mays, ìsáré yẹn ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ki Mantle, ojú gọ́tà yẹn ni, àti ọdún 17 tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀. Mantle ga jù ní góńgó. Mays ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù, tí ó sì pé jù. Ìdájọ́ tèmi nìyẹn.

Ìjìyà kan náà ni wọ́n tún jọ jẹ lẹ́yìn eré. Wọ́n lé Mays kúrò nínú bésíbọ́ọ̀lù ní 1979, wọ́n lé Mantle ní 1983, nítorí pé àwọn ilé tẹ́tẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́, kì í ṣe pé wọ́n ta tẹ́tẹ́. Ọdún 1985 ni wọ́n dá àwọn méjèèjì padà lọ́jọ́ kan náà. Ọtí ba ẹ̀dọ̀ Mantle jẹ́. Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé kí ó tó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, ẹni ọdún 63. Mays gbé ayé títí di 18 oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹni ọdún 93. Oṣù tí ó ṣáájú ìyẹn ni àwọn aláṣẹ eré náà fi ìṣirò líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú kún tiwọn, tí wọ́n sì fi 10 tí ó gbá dáadáa ní 1948 kún iye rẹ̀, tí ó fi di 3,293. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún ọlá líìgì náà ní Rickwood Field ní Birmingham, lórí pápá tí Black Barons ti ń gbá tiwọn.