Abéèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà ni àwọn àgbà máa ń wí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọdé pé ìtìjú kò gbọdọ̀ pa ẹnu mọ́ ẹni tí kò mọ ibi tí ó ń lọ; ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò sọ́tùn-ún sósì, a ó rí i pé ẹrù tí ó dì lé abéèrè lórí kò wúwo tó èyí tí ó gbé lé ẹni tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìtàn ìṣẹ̀ṣe Ìlá, ògbó, àdá tí ó mọ̀nà, ni ó ṣíwájú Fágbàmílà Ajagúnńlá, ọmọ Odùduwà, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, nígbà tí ó ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀. Àwa ọmọ rẹ̀ òde òní kò ní ògbó mọ́, ẹnu nìkan ni a ní. Bí ẹnu bá sì béèrè tí etí kò gbọ́ èsì, kò sí bí abéèrè ti lè gbọ́n tó tí kò ní í ṣìnà.

Ọ̀nà tí mo ní lọ́kàn ni ọ̀nà tí owó ìlú ń gbà. Ẹ̀yin ará Ìlá, ẹ̀yin ará Òkè-Ìlá àti Òrà, gbogbo Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, owó kì í ti ọ̀run já bọ́ sí àpò ìjọba: owó orí ni, owó ọjà ni, owó tí Àbújá ń pín lóṣooṣù ni, gbogbo rẹ̀ ni ó sì ní ìwé tí a kọ ọ́ sí, iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, orúkọ ẹni tí ó gba iṣẹ́ afárá. Ta ni ó ni ìwé wọ̀nyí? Fún ọdún púpọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba a máa dáhùn pé ìjọba ni, òfin àṣírí ìjọba ti 1962 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1999 ni àbá òfin mìíràn kọ́kọ́ dé iwájú àwọn aṣòfin. Ó rìn, ó sinmi, ó dé ọwọ́ Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní 2007, kò buwọ́ lù ú. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan tó fọwọ́ sí òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ìjọba, èyí tí àwọn oníròyìn ń pè ní FOI.

Òfin náà ní ẹnikẹ́ni lè béèrè, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dá a lóhùn. Bí iṣẹ́ inú rẹ̀ bá pọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, abéèrè sì lè gba ilé ẹjọ́ lọ láàrin ọjọ́ 30. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fi ìwé du ni láìtọ́ yóò san 500,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tí ó yí i padà kí ó tó jẹ́ kí a rí i, ẹ̀wọ̀n ọdún 1, ó kéré tán, ni tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìwé ni ó ṣí sílẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ààbò ìlú àti àṣírí ara ẹni ní ààlà tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àǹfààní gbogbo ìlú lè borí ààlà náà. Ibi tí ó wú mi lórí jù ni ibi tí òfin ti rántí àwọn tí kò kàwé: ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fi ẹnu béèrè, kí òṣìṣẹ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan wá àwáwí, wọ́n ní Àbújá ni ó ṣe òfin, kò kan àwọn. Èkìtì kò dúró ní tirẹ̀. Ọdún 2011 náà ni wọ́n ṣe òfin tiwọn. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Benin gba ti aláwàáwí, ti Àkúrẹ́ kò gbà á ní 2018, nígbà tí oníròyìn kan béèrè ìwé àyẹ̀wò owó Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìjà náà dópin ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2025, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, nínú ẹjọ́ tí ó kan ilé iṣẹ́ tí ń gbógun ti àrùn AIDS ní Ìpínlẹ̀ Edo, dájọ́ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Nítorí náà kò sí àwáwí tí ó lè dúró mọ́ ní Abẹ́rẹ̀, níbi tí Olóyè Bísí Àkàndé, ọmọ Ìlá, kọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba sí nígbà tí ó jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun, kò sì sí èyí tí ó lè dúró ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá.

Ó yẹ kí Ìgbómìnà mọ iyì ìwé ju ẹlòmíràn lọ. Ìjọba amúnisìn fi ààlà la ìdílé kan ṣoṣo sí méjì, wọ́n fi Ìlá sí gúúsù, wọ́n fi Òmù-Àrán àti Ṣáárẹ́ mọ́ Ìlọrin ní àríwá. Láti ìgbà náà ni ìwé ọ̀rọ̀ wa ti pín sí ilé àkọsílẹ̀ ìjọba tí ó wà ní Ìbàdàn àti èyí tí ó wà ní Kàdúná, tí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí àjẹ́lẹ̀ kọ nípa ilẹ̀ baba rẹ̀ fi ní láti rin ọ̀nà jíjìn.

Síbẹ̀, kí a rí ìwé tán kí a má lè sọ ohun tí a kà níbẹ̀, asán ni. Ní Swídìn, níbi tí irú òfin yìí ti kọ́kọ́ dé ayé ní 1766, òfin kan náà ni ó tú ẹnu àwọn atẹ̀wé sílẹ̀ tí ó sì ṣí ìwé ìjọba. Ìwé òfin tiwa ti 1999, ní abala 39, so gbígba ìròyìn mọ́ sísọ ọ́. Ọba kì í pa ọ̀kọrin: ìdí nìyẹn tí Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu àti àwọn ọlọ́dún Òkèbàdàn fi ń fi orin bá olóyè wí lójú gbogbo ayé, tí wọ́n á sì padà lọ sùn nílé wọn. Àwọn amúnisìn ni ó mú òfin ìdìtẹ̀ wá ní 1909. Ìjọba ológun ṣe Òfin Kẹrin ní 1984, wọ́n sì fi Tunde Thompson àti Nduka Irabor, oníròyìn The Guardian, sẹ́wọ̀n. Lónìí, òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ni a fi ń mú oníròyìn. Kóòtù ECOWAS dá abala 24 rẹ̀ lẹ́bi ní 2022, àwọn aṣòfin sì tún un ṣe ní 2024. Ẹni tí ó bá parọ́ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kí ó dáhùn níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ka ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ sí etígbọ̀ọ́ ará ìlú kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ibi tí ìwé bá sì ti farasin ni àhesọ ti ń jọba.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹ̀yin ìyálọ́jà: ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ béèrè iye tí ó wọlé lọ́dún tó kọjá àti ohun tí wọ́n fi ṣe, ẹ kọ déètì sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 7.